Pẹpẹ Irin ní Bépanda
Nígbà tí bàbá mi kan pẹpẹ irin mọ́ ògiri gáráàjì ilé tí a háyà ní àdúgbò Bépanda ní Douala, ó gorí rẹ̀, ó ń fò láti dán an wò. Kìkì ẹrù ilé tó fẹ́ kọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń kó síbẹ̀: kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn, ẹ̀rọ omi, wáyà iná. Bí mo bá gbé bàtà síbẹ̀, á jù ú síta. Ogún ọdún ni ìyá mi fi nu eruku ara wọn, a kò kọ́lé. Douala la sin bàbá sí.

Nígbà tí à ń kó jáde, wẹ́dà tí a pè wá tú u fa pẹpẹ náà títí, kò mì. Mo ta á nípàá tìbínú-tìbínú. Ohun kan ṣoṣo tí bàbá mi rí kọ́ láyé nìyẹn, ilé onílé ló sì kọ́ ọ sí.