Orúnkún Ìyá Ọkọ Mi Lójú Ọ̀nà Ọ̀kà

Òórùn òrí tó ń yọ́ nínú àpáàdì ló máa ń jí mi láàárọ̀ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ délé ọkọ ní Ìkàrẹ́. Ìyá ọkọ mi ló ń yọ́ ọ. Orúnkún wọn méjèèjì ti ń dùn wọ́n láti ọdún pípẹ́, wọn kì í sì í lè dìde láìdi ògiri mú. Wọn á fi òrí pa orúnkún náà, wọn á fi ewé lárà ra iná díẹ̀ kó lè rọ̀, wọn á dì í mọ́ ọn, wọn á wá jókòó mu ẹ̀kọ gbígbóná. “Ó ti kí mi káàárọ̀,” ni wọ́n máa ń wí nípa ìrora náà, “èmi náà sì ti kí i.” Ọmọdé ìyàwó ni mí nígbà náà, mo rò pé wọ́n kàn ń ṣàwàdà ni.

Àbúrò wọn obìnrin kan ṣoṣo tó kù láyé wà nílé ọkọ ní Ọ̀kà. Ọdún mẹ́rin ni wọn kò ti fojú kan ara wọn. Lọ́jọ́ ọjà kan, obìnrin kan mú ìròyìn wá láti Ọ̀kà pé àbúrò náà kò lè rìn kọjá iwájú ilé mọ́. Láti ọjọ́ náà, ìyá ọkọ mi kì í jẹun tán mọ́. Wọ́n ní àwọn yóò lọ. Ọkọ mi kọ̀.

“Ìyá, ẹ ò lè rìn dé ìdajì ọ̀nà. Ẹ jẹ́ ká wá ẹni tó máa gbé yín.”

“Òkú ni wọ́n ń gbé,” ni wọ́n dá a lóhùn. “Ọ̀nà Ọ̀kà tí Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ní kí ẹ là, tí ẹ fi gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn là, ṣé ẹsẹ̀ òyìnbó nìkan ló wà fún ni?”

Ọkọ mi, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ṣì le bí èèpo igi nítorí ọ̀nà náà, rẹ́rìn-ín láìfẹ́. Ó ní kí n bá wọn lọ.

A gbéra ní ìdájí. Mo ru ẹrù, òrí wà nínú igbá kékeré kan, ìyá ọkọ mi sì ń fi ọ̀pá rìn. Ẹni tí ara rẹ̀ dá ì bá ti dé Ọ̀kà kí oòrùn tó mú, ṣùgbọ́n ibi ìsinmi ni àwa fi ń wọn ọ̀nà tiwa. Àpáta pọ̀ gan-an lápá ibẹ̀. Bí a bá rí èyí tó tẹ́jú, tí oòrùn ti pa gbóná, wọn á na ẹsẹ̀ lé e, wọn á pa ojú dé bí ẹni tó ń jẹ ẹran tó dùn. Gbogbo ẹni tó bá kọjá ni wọn á sọ ìtàn ìdílé rẹ̀ fún mi, títí kan àwọn tí wọn kò mọ̀ rí.

Nígbà tó di ọ̀sán, orúnkún ọ̀tún kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo sì rí omi lójú wọn. Mo ní kí a padà.

“Ìyàwó,” ni wọ́n wí, “bí a bá padà, yóò dùn mí. Bí a bá lọ, yóò dùn mí. Jẹ́ ká lọ.”

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi òrí wọ́ orúnkún náà. Mo sì dá orin kan. Wọ́n gbọ́ ọ díẹ̀, wọ́n ní, “Ohùn rẹ burú ju orúnkún mi lọ.” Ẹ̀rín pa àwa méjèèjì. Nígbà tí ìrora náà rọlẹ̀, wọ́n di èjìká mi mú, wọ́n dìde.

Oòrùn ti ń rẹlẹ̀ lẹ́yìn òkè nígbà tí a wọ Ọ̀kà. Àbúrò wọn jókòó lórí ẹní níwájú ilé, ewé lárà wà ní orúnkún tirẹ̀ náà. Wọ́n wo orúnkún ara wọn, wọn kò tíì kíra tí wọ́n fi bú sẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló kọ́ yín ní ewé yìí?”

“Ìyá wa ni. Ṣé o ti gbàgbé bí àwọn náà ṣe ń rìn ni?”

Ọjọ́ mẹ́rin la lò níbẹ̀. Láràárọ̀ ni àwọn méjèèjì ń na orúnkún mẹ́rin sóòrùn, tí wọ́n ń jiyàn bóyá òrí ló dára jù tàbí àdín. Iyàn náà kò parí títí a fi kúrò.

Àbúrò náà kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ìyá ọkọ mi sunkún, ṣùgbọ́n wọn kò kábàámọ̀. Ìrora náà bá wa lọ, ó sì bá wa bọ̀. Kí n tó rin ìrìn àjò yẹn, mo gbà pé ara èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yá gágá kó tó lè yọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin tí mo lò ní Ọ̀kà gba èrò yẹn lọ́wọ́ mi, n kò sì wá a lọ mọ́.