Ìbòrí tí Màmá hun fún ínfátà

Deborah Ọlábọ̀dé, atẹ̀wé ìkóríta Sẹ̀kọ́nà, kì í ṣe ojo. Ejò wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ rí, ìgbálẹ̀ ni ó fi lé e jáde. Ínfátà sólà tó ń fún kọ̀ǹpútà rẹ̀ níná nìkan ni ó ń bẹ̀rù láyé yìí.

Ó sì ní ìdí. Lọ́dún tó kọjá, oníbàárà kan ki áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ bọ ínfátà náà láìtọrọ gáfárà. Iná kú fin-ín, kọ̀ǹpútà bá a kú, iṣẹ́ ìwádìí tí akẹ́kọ̀ọ́ kan, David, fi odidi ọdún kọ sì bá wọn lọ. Ọmọkùnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún bí ẹni tí ìyá rẹ̀ kú. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ki fóònù lásán bọ̀ ọ́. Bí bátìrì bá ti ń lọ sílẹ̀, Deborah á yára pa kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ kí iná tó pa á. Eruku ọ̀nà Sẹ̀kọ́nà tó ń wọ inú ínfátà pàápàá di ọ̀tá, Deborah ń ráhùn nípa rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Ìyá rẹ̀, Màmá Àjọkẹ́, tí ó wá kí i láti Ara, gbọ́ ìráhùn náà fún ọjọ́ mẹ́rin.

Ní Ọjọ́rú, Deborah sọdá títì lọ ra ìwé. Nígbà tí ó padà dé, akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ibtisam, ti ń dúró dè é. Fíláàṣì tí ọmọ náà da iṣẹ́ rẹ̀ sí ti sọnù nínú ọkọ̀. Ẹ̀dà iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ tó wà nínú kọ̀ǹpútà yìí nìkan ló kù, aago méjì ọ̀sán sì ni ó gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀ ní yunifásítì. Deborah jókòó lójú ẹsẹ̀, ó ń tún àṣìṣe rẹ̀ ṣe.

Kò pẹ́ tí ínfátà fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún: tìn, tìn, tìn. Òórùn ohun tó ń jóná gba inú ṣọ́ọ̀bù. Deborah bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tábìlì níbi tí ínfátà wà: aṣọ òwú funfun, irú èyí tí wọ́n fi ń bo tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀, bo ínfátà náà láti orí dé ìdí. Kò sí ibi tí atẹ́gùn lè gbà.

"Àǹtí, kí n fà á kúrò?"

"Má fọwọ́ kàn án. Jáde síta."

Bí ó bá pa iná lójijì, ìtàn David á tún ṣẹlẹ̀. Bí ó bá pẹ́, ilé lè gbiná, ìyá rẹ̀ sì wà nínú yàrá lẹ́yìn. Ó gbé fíláàṣì tirẹ̀. Ó tàsé ihò kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀mejì kó tó ki í bọ̀ ọ́. Ó da iṣẹ́ náà sí i, ó pa kọ̀ǹpútà bó ṣe yẹ, ó pa ínfátà, lẹ́yìn náà ló fa aṣọ náà kúrò. Apá kan rẹ̀ ti jó di dúdú.

Màmá yọjú láti ẹ̀yìn.

"Deborah, ṣé ó bá a mu? Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi hun ún. Eruku yẹn ń dẹ́rù bà ọ́ jù, ara mi ò gbà á."

Deborah fẹ́ pariwo.

"Ó bá a mu, Màmá. Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n ilé ni mo máa fi bò."

Ó rọra ká aṣọ náà, ó sì fi ibi tó jó sínú.