Ìràwọ̀ Ọmọ Mi Tí Mo Fi Han Òyìnbó

Oyún mi ti wọ oṣù keje nígbà tí mo rí i. Sà tó kọ́ wa ní físíìsì ní sẹ́kọ́ńdìrì ló ṣí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà sí Niger Street, ó sì máa ń kó àwa tó bá wù jọ láti bá àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ òkè òkun wá òkúta ojú ọ̀run. Wọ́n á fi àwòrán mẹ́rin ránṣẹ́, ibì kan náà lójú sánmà, ìṣẹ́jú díẹ̀ láàárín wọn. Ìràwọ̀ kò ní kúrò lójú kan. Ohun tó bá ń rìn láàárín wọn, òun là ń wá. Tèmi rìn, kékeré báyìí, bí èérún iyọ̀. Sà ní kò tíì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. A fi ránṣẹ́.

Mo délé, mo sọ fún ìyá ọkọ mi tayọ̀tayọ̀. Màmá ò yọ̀.

"O lóyún sínú, o lọ rí ìràwọ̀, o tún lọ fi han òyìnbó?"

"Màmá, kì í ṣe ìràwọ̀. Òkúta ni."

"Òkúta tó ń tàn! Ìyàwó, o ti bọ́ aṣọ lára ọmọ mi kó tó dáyé."

Ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tí Màmá ń lọ, wọ́n gbà pé gbogbo ọmọ ló ní ìràwọ̀ tiẹ̀, ẹni ibi tó bá sì rí i lè jí i. Mo fi rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ yẹn ò parí tí omi mi fi dà.

Ọmọ náà ò ju búrẹ́dì kékeré lọ. Wọ́n gbé e sínú àpótí gíláàsì, wọ́n fi rọ́bà sí i nímú. Nígbà mìíràn á gbàgbé láti mí. Nọ́ọ̀sì á fi ìka ta àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, á tún rántí. Ọkọ mi wà lójú ọ̀nà pẹ̀lú tírélà rẹ̀. Màmá dúró sẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, kò wọlé.

"Lọ sọ fún wọn kí wọ́n dá ìràwọ̀ rẹ̀ padà."

Kí n má purọ́, mo gbà á gbọ́. Ẹni tó ń wo ọmọ tó ń gbàgbé èémí, kí ni kò ní gbà gbọ́? Ẹ̀jẹ̀ ìbímọ ò tíì dá lára mi tí mo wọ adaidaita, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, lọ bá Sà.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á rẹ́. Ẹ ní mi ò rí nǹkan kan."

Kò fi mí ṣẹ̀sín. Ó fa àga fún mi. "Ìwọ lo rí i, ìwọ kọ́ lo gbé e síbẹ̀. Láàárín Máàsì àti Júpítà ló ti ń yí oòrùn po, níbi tí irú rẹ̀ pọ̀ sí bí yanrìn. Kí wọ́n tó bí ìyá ìyá ẹ ló ti ń rìn. Bí mo pa á rẹ́, kò ní mọ̀."

"Ẹ ṣáà pa á rẹ́, Sà." Mo kúnlẹ̀.

Ó ní ó ti kúrò lọ́wọ́ òun. Ṣùgbọ́n rírí ẹ̀ẹ̀kan ò tó láti mọ ọ̀nà tó ń gbà. Bí àwọn ẹlòmíràn ò bá tún rí i, á sọnù.

Mo gbàdúrà kó sọnù. Kó sọnù, kí tèmi dúró.

Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì kan, ọmọ Hausa, kí mi ní èdè wọn pé ẹ ǹlẹ́, ìyá ìkókó: "Sannu, maman jariri." Ó ní kí n bọ́ bùláòsì, ó fi ìró de ọmọ mọ́ mi láyà, ara sí ara. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń jókòó. Ó ṣì ń gbàgbé. Oorun ń pa mí, mi ò jẹ́ sùn, kó má baà gbàgbé lójú oorun mi. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ kọjá lórí wa. Orúkọ tèmi ni wọ́n kọ sí páálí tí wọ́n so mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Ọ̀sán kan ni iṣẹ́ Sà dé sórí fóònù mi. Wọ́n ti tún un rí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ó lé ní ọdún mẹ́rin kó tó yí oòrùn po tán. Ọ̀nà rẹ̀ ò rí roboto bí àwo, ó gùn díẹ̀ bí ẹyin, ó sì fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀. Lẹ́tà àti nọ́ńbà ni wọ́n fún un. Orúkọ á dúró títí wọ́n á fi mọ ìrìn rẹ̀ dájú.

Mo bú sẹ́kún. Ọlọ́run ò gbọ́ tèmi.

"Kí ni wọ́n wí?" Màmá bi mí láti ẹnu ọ̀nà.

"Wọ́n tún ti rí i."

"Wọn ò tíì jí i?"

"Kò ṣeé jí, Màmá. Ó wà lójú ọ̀nà rẹ̀."

Màmá tún gèlè rẹ̀ wé. Lẹ́yìn náà ló wọlé, ó wẹ ọwọ́ bí nọ́ọ̀sì ṣe ní ká máa wẹ̀ ẹ́, ó sì tú bọ́tìnnì àyà rẹ̀.

"Gbé e wá. Lọ sùn."

Mo dè é mọ́ ọn láyà. Kò pẹ́ tó tún fi gbàgbé. Kí n tó pariwo, Màmá ti fi ìka ta àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀.

"Rántí, ọkọ mi," ó ń wí. "Jọ̀ọ́, rántí."

Ó rántí.