Omi Tí Ìyá Qonitah Kò Fẹ́ Mu

Bí o bá ń ti ọ̀nà Ìgàndó bọ̀ wá sí ọjà Ìkòtún, wàá gbọ́ ohùn Ìyá Qonitah kí o tó fojú kàn án. "Kọ́mú rèé o! Kọ́mú ìlú òyìnbó! Ọyàn tó ti sùn, ẹ wá jí i!" Àwọn ọkùnrin á yára kọjá bí ẹni pé ajá ń lé wọn. Àwọn obìnrin á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì yà.

Ràbíátù lorúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n orúkọ ọmọ la fi ń pe ìyá lọ́jà wa. Òkìrìkà ló ń tà, kọ́mú nìkan, kò pa á pọ̀ mọ́ nǹkan mìíràn. Kì í fi téèpù wọn ẹnikẹ́ni. Á wò ọ́ láti ojú ọ̀nà, á fa ọ̀kan yọ nínú òkìtì, á ní, "Tìẹ rèé." Ìyàwó pásítọ̀ kan bá a jiyàn lójú mi, ó ní òun mọ ara òun. Ìyá Qonitah ní, "Mọ́mì, ara yín ti ọdún tẹ́ ẹ ṣègbéyàwó lẹ mọ̀." Mọ́mì bínú lọ. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tí Mọ́mì fi padà wá gba èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fún un.

Èmi ń ta òwú, bọ́tìnnì àti síìpù lápá ọ̀tún rẹ̀. Lápá òsì rẹ̀ ni Charity wà, Ìyá Gift, ọmọ Òkìtìpupa. Kọ́mú lòun náà ń tà. Ẹ wo ibi tí Ọlọ́run fi àwọn méjèèjì sí.

Òfin kan wà lọ́jà wa tí ẹnikẹ́ni ò kọ sára ògiri. Bí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ bá dìde, tó ní, "Bá mi wojú ọjà o," o ti di òun nìyẹn títí yóò fi dé. Bí oníbàárà bá yà, tirẹ̀ ni wàá kọ́kọ́ tà, kódà bí tìẹ tilẹ̀ ń jẹrà. Mo mọ àwọn tí kì í kí ara wọn láàárọ̀ tí wọ́n sì ń bá ara wọn ta ata.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, Ìyá Qonitah ní kí Charity bá òun wojú ọjà, ó lọ tọ̀, ó dé, ó bá oníbàárà rẹ̀ àtọjọ́mọ́jọ́ tó ń gba ọ̀rá dúdú lọ́wọ́ Charity.

Charity ní obìnrin náà ló fúnra rẹ̀ nawọ́ sí tòun. "Ṣé kí n gé ọwọ́ oníbàárà ni?"

"Ọwọ́ ò lójú," ni Ìyá Qonitah dáhùn. "Ojú tìẹ ló pè é."

Ọ̀rọ̀ parí láàárín wọn nìyẹn. Ìyá Qonitah sì búra pé òun ò tún ní dìde nídìí ọjà òun mọ́ títí òun á fi palẹ̀ mọ́. Mo ní èmi ṣì wà lápá ọ̀tún, ó ní òun ò tún gbẹ́kẹ̀ lé ojú ẹnikẹ́ni mọ́.

Ìbúra ò le, ìtọ̀ ló le. Ẹ̀yìn ibi tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń tò sí ni ilé ìtọ̀ wa wà, èrò ibẹ̀ sì máa ń gùn bí ìlà ọjọ́ ìdìbò. Kí o tó tò débẹ̀, kí o tó padà, ẹni tó fẹ́ gba oníbàárà rẹ ti gbà á, ó ti ṣàdúrà lé e lórí. Ni Ìyá Qonitah bá gbọ́n ọgbọ́n tirẹ̀: ó fi omi sílẹ̀. Ó ní, "Ẹni tí kò bu omi sí agbè, kì í wá ibi tí yóò dà á nù sí." Láti ìgbà tó bá ti tẹ́ ọjà títí di ìrọ̀lẹ́, obì ló ń jẹ. Ètè rẹ̀ là bí ilẹ̀ oko nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Orí á máa fọ́ ọ, á ní oníbàárà tó ń nájà láì rà ló fà á.

Kì í ṣe pé kò mọ iyì omi o. Nígbà tí Simeon ọkọ mi kú, ojoojúmọ́ ló ń wá jókòó tì mí, á mú ife lọ́wọ́, á ní, "Ẹ mu omi, Ìyá Dọ̀tun. Omi lẹ fi ń sunkún yẹn. Bó bá tán lónìí, kí lẹ máa fi sunkún Bàbá Dọ̀tun lọ́la?" Mo bú sẹ́rìn-ín láàárín ọ̀fọ̀. Àwọn ẹbí ọkọ mi wò mí bí ẹni tó pa á. Mo mu omi náà, ó sì ṣe mí lóore. Òun fúnra rẹ̀ ò fẹnu kan ẹ̀kán kan. Mo bi í léèrè, ó ní òun ò lè wá bá mi kẹ́dùn kí òun tún máa bá àlejò tò sẹ́nu ọ̀nà ilé ìtọ̀ mi.

Nígbà tí Iléyá tó kọjá ń sún mọ́lé, ọjà gbóná, oòrùn náà gbóná. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ìyá Qonitah wà lẹ́nu ìpolówó rẹ̀. Ó ní, "Ọyàn tó ti sùn," a ń retí ìyókù, a ò gbọ́. Mo yíjú, mo rí i tó rọra jókòó sórí òkìtì kọ́mú bí ẹni tí wọ́n já okùn rẹ̀. Òòyì ti gbé e. Gbogbo wa sáré dé, Charity náà sáré dé. Bí a ṣe fẹ́ gbé e, ó ní kí á dúró. Kò tilẹ̀ lajú.

"Ẹ kọ́kọ́ ká ọjà mi. Ẹ má fi sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni."

Charity padà sídìí tirẹ̀. A di kọ́mú sínú àpò tán ká tó di olówó rẹ̀ sínú kẹ̀kẹ́.

Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn tí a gbé e lọ bi í nípa àwọ̀ ìtọ̀ rẹ̀. Ó ní bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Nọ́ọ̀sì mi orí.

"Omi ló tán lára yín, mà. Bẹ́ ẹ bá tún ṣubú báyìí nínú oòrùn, ẹ lè má tètè dìde. Ó lè ba kíndìnrín yín jẹ́. Ẹ máa mu omi."

Ojú Ìyá Qonitah korò. Nọ́ọ̀sì rò pé bóyá omi ni kò dùn mọ́ ọn lẹ́nu, ó bá fẹ́ tù ú nínú. "Kì í ṣe omi lásán nìkan ló ń kà o. Tíì ń kà, ògì ń kà, mílíìkì, ọbẹ̀ olómi, ọsàn, bàrà, gbogbo ẹ̀ lomi wà nínú rẹ̀. Sóbò náà, bẹ́ ò bá ti da ṣúgà sí i. Mọ́ọ̀tì àti mínírà ń kà lóòótọ́, àmọ́ ṣúgà wọn pọ̀, ẹ má fi wọ́n ṣe omi. Ọtí ní tiẹ̀…"

"Mùsùlùmí ni mí."

"Mo kàn ń sọ ọ́ ni, mà. Ọtí kì í jẹ́ kí omi pẹ́ lára, ẹ má kà á mọ́ ọn. Nínú gbogbo wọn, omi lásán lọ̀gá."

"Dúró ná, ọmọ mi. O ní tíì ń kà?"

"Ó ń kà, mà."

"Ògì náà?"

"Ó ń kà."

Ìyá Qonitah rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín yẹn ì bá ti bà mí lẹ́rù.

Nígbà tí a wà nínú kẹ̀kẹ́ tó ń gbé wa padà, ó di ọwọ́ mi mú. "Ìyá Dọ̀tun, Ọlọ́run ti yọ mí. Mi ò tún mu omi mọ́ láyé."

"Kí lo wí?"

"Ẹ̀yin náà ò gbọ́ ni? Ó ní tíì ń kà. Omi nìkan ló ń di ìtọ̀, ẹ jọ̀ọ́. Mọ́ọ̀tì, inú ẹ̀jẹ̀ ló ń lọ. Àbí kí ló dé tí wọ́n fi ń po mọ́ọ̀tì mọ́ mílíìkì fún aláboyún? Ògì, ọyàn ló ń lọ, abiyamọ wo ni ò mọ̀ bẹ́ẹ̀? Tíì, orí ló ń lọ, òun ló ń lé oorun. Èwo ló yà sílé ìtọ̀ níbẹ̀?"

Oníkẹ̀kẹ́ yíjú padà. "Àlàájà, sóbò ńkọ́?"

"Sóbò? Ojú ló ń lọ."

"Háà! Ẹ̀yin gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ jẹ́ dókítà."

"Wo iwájú rẹ jàre, kí o má pa mí kí n tó mu ún."

Mo fẹ́ jiyàn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mọ́ọ̀tì yẹn ká mi lẹ́nu kò. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ò pọ̀, bẹ́ẹ̀ èmi náà mu mọ́ọ̀tì àti mílíìkì nígbà tí mo lóyún Dọ̀tun.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé fíláàsì tíì wá sọ́jà, ó gbé ògì sínú kúlà, ó tún gbé sóbò sínú ìgò ńlá. Ó ń mu ún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá ti fẹ́ mu, á kọ́kọ́ gbé ife sókè sí ọ̀dọ̀ Charity bí ẹni tó ń júwe ọ̀nà fún un. Kí n má purọ́, ara rẹ̀ padà bọ̀ sípò. Ètè rẹ̀ tutù, ohùn rẹ̀ já geere dé ìdí ọkọ̀.

Nígbà tó di ọ̀sán, mo rí i tó fi ẹsẹ̀ kan lé ìkejì. Láìpẹ́, ó pààrọ̀ wọn. Ìpolówó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú. "Ọyàn tó ti sùn" di "Ọyàn o." Nígbà tó yá, ó di "O!"

Mo ní, "Ìyá Qonitah, ṣé kò sí?"

"Kò sí nǹkan kan."

"Ó jọ pé sóbò yẹn ti ṣìnà. Kò dé ojú."

"Ìyá Dọ̀tun, ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín!"

Àsìkò yẹn gan-an ni obìnrin ńlá kan dé láti Baruwa pẹ̀lú àwọn ọmọbìnrin rẹ̀, gbogbo wọn fẹ́ ra kọ́mú ọdún. Irú oníbàárà tí à ń gbààwẹ̀ lé lórí ni. Wọ́n ń tú òkìtì, wọ́n ń fa rọ́bà wò, wọ́n ń nájà. Ìyá Qonitah ń fò sókè, ó ń yí ìdí, ó ń tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Obìnrin náà rò pé ìpolówó ni, inú rẹ̀ dùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. "Ẹ wò ó bó ṣe ń jó fún wa! Ẹ jó o!" Àwọn ọmọ náà gbè é. Òógùn bo ojú Ìyá Qonitah. Ó wo èmi, àmọ́ àwọn aránṣọ méjì dúró tì mí, òwú wà lọ́wọ́ mi, mo ń wá àwọ̀ fún wọn. Ó wo ọ̀nà ilé ìtọ̀. Ó wo òkìtì. Ó wá yíjú sí òsì.

"Ìyá Gift."

Gbogbo ìlà wa yíjú sí wọn.

"Bá mi wojú ọjà."

Charity ti dìde kó tó sọ ọ́ tán. "Ẹ yára o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yára, torí èmi ni mo tẹ̀lé yín!"

"Ìwọ náà?"

"Ẹ rò pé ẹ̀yin nìkan lẹ gbọ́n ni? Ẹ̀rù ń bà mí kẹ́ ẹ má gbẹ̀san, èmi náà ò mu omi níbí láti ọjọ́ tí a ti jà. Ìgbà tẹ́ ẹ ṣubú lánàá ni jìnnìjìnnì bá mi, mo ti ń mu omi láti àárọ̀. Ẹ lọ jàre!"

Ó sáré. Gèlè rẹ̀ bọ́ lọ́nà, kò dúró mú un.

Nígbà tó padà dé, àwọn ará Baruwa ti lọ, òkìtì rẹ̀ ti fọ́ sí ìdajì. Charity kó owó lé e lọ́wọ́, ó sì ju ohun tí Ìyá Qonitah fúnra rẹ̀ ì bá gbà lọ.

"Wọn ò ní kí o dín in ni?"

"Wọ́n bẹ̀ mí títí. Mo ní ọjà ọlọ́jà ni, mi ò láṣẹ àti dín in." Ó ti ń sáré bó ṣe ń sọ ọ́.

Báyìí ni Ìyá Qonitah ṣe ku òun nìkan láàárín òkìtì méjì. Ìyàwó tuntun kan yà, ó dúró síwájú ti Charity. Mo rí ọwọ́ Ìyá Qonitah. Ìwọ̀n ọmọ náà wà lórí òkìtì tirẹ̀ gan-an, ọwọ́ rẹ̀ sì ti ń lọ síbẹ̀. Mo wúkọ́. Ọwọ́ náà dúró. Ó yà sí òsì, ó wọ inú òkìtì Charity, ó ń walẹ̀ bí adìẹ títí ó fi fa ọ̀kan yọ.

"Tìẹ rèé."

"Mà, èyí tó wà lókè yẹn ni mo fẹ́," ọmọ náà ń nawọ́ sí ti Ìyá Qonitah.

"Ìyẹn? Ó tóbi jù fún ẹ. Ó di ọmọ kejì."

Irọ́ pátápátá ni, mo gbọ́, Ọlọ́run náà gbọ́. Ọmọ náà ra ti Charity.

Láti ìgbà náà, wọ́n ti ń wojú ọjà fún ara wọn, wọ́n sì ń mu omi inú ọ̀rá ní gbangba. Bí ọ̀kan bá ti fi eyín já ọ̀rá, ìkejì á ti tún ìdí ṣe láti jókòó sí àárín. Wọ́n ṣì ń bú ara wọn, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ẹnu tútù. Nígbà tí oòrùn bá mú, Ìyá Qonitah á ju ọ̀kan sí mi, á ní, "Ẹ mu omi, Ìyá Dọ̀tun."

Mo máa ń bi í pé sóbò ńkọ́, ṣé ó gbà báyìí pé òun náà ń di ìtọ̀?

"Rárá o," ni yóò wí. "Ojú ló kọ́kọ́ lọ. Ó kàn débẹ̀ ó bá èrò ni."