Ìyá Ọkọ Mi Kì Í Ṣe Ọkọ Ìyá Mi

Alájì kan wà ní Òrò tó jẹ́ ọ̀gá mi nígbà tí a jọ ń kọ́ni ní físíìsì. Òun ló gba iṣẹ́ kuántọ́ọ̀mù, ẹ̀kọ́ nípa ìṣesí àwọn ohun tíntìntín tí ojú kò lè rí, lọ́wọ́ mi, ó ní ìṣirò inú rẹ̀ le jù fún obìnrin tó ń pọnmọ. Ó ní kí n máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìmọ́lẹ̀ àti dígí. Mo kọ́ ọ títí mo fi hewú. Ẹ má bínú pé n kò pè é ní "wọ́n" nínú ìwé yìí. Lójú rẹ̀, "ẹ" ni mo máa ń pè é.

Lọ́dún yìí ló wakọ̀ wá bá mi ní Ọ̀mù-Àrán, òun àti ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin. Kuántọ́ọ̀mù ni ọmọ náà ń fìdí rẹmi nínú rẹ̀ ní yunifásítì. Bí kò bá yege lọ́tẹ̀ yìí, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò gboyè, wọn yóò fi í sílẹ̀. Alájì ní òun fúnra òun ti ń kọ́ ọ nílé. Mo ní ó hàn bẹ́ẹ̀.

Ọmọ náà ṣí ìwé rẹ̀. Iṣẹ́ méjì ni wọ́n ní kó fi rán fọ́múlà kan tó ń jẹ́ f. Èyí tó ń jẹ́ D ní kó wá bí f ṣe ń yára yí padà bí nọ́ńbà x ti ń pọ̀ sí i. Èyí tó ń jẹ́ x ní kó fi x sọ ọ́ di púpọ̀. Kó wá yọ xDf kúrò nínú Dxf. Òdo ló kọ.

Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ojú bàbá rẹ̀ àgbà ló wò. Alájì ní ṣebí méjì lọ́nà mẹ́ta àti mẹ́ta lọ́nà méjì, mẹ́fà náà ni.

Mo ní òótọ́ ni, fún nọ́ńbà. Mo kọjú sí ọmọ náà.

"Ìyá ọkọ mi, ta ni?"

"Ẹni tó bí ọkọ yín, Màmá."

"Ọkọ ìyá mi ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn á jẹ́ bàbá yín, tàbí ẹni tí ìyá yín tún fẹ́."

Mo ní kó wo ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ara "mi" ni. Ọ̀rọ̀ tó sún mọ́ "mi" jù ló kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, kó tó kan èyí tó wà níwájú. Bẹ́ẹ̀ náà ni f: nínú Dxf, x ni yóò kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, D á tẹ̀ lé e, ojú ìbáà ti apá òsì kà á.

Mo ní kó fi x gan-an ṣe f. Dxf fún un ní 2x. xDf fún un ní x. Ó yọ ọ́, x ló kù, f fúnra rẹ̀. Ó dán f mìíràn wò, f náà ló tún kù. Ó gbé kálàmù sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Bàbá, ẹ ti sọ ìyá ọkọ di ọkọ ìyá."

Alájì wúkọ́. Ó ní nígbà tiwa, wọn kì í kọ́ ọ báyìí.

"Ẹni tí ì bá kọ́ ọ báyìí, Alájì, ìdí dígí lẹ fi í sí."

Ọmọ náà yege. Mo gbọ́ pé Alájì ń sọ ní mọ́ṣáláṣí pé ìṣirò wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé àwọn. N kò já a nírọ́. Ọmọ náà wá pè mí lórí fóònù pé àwọn ọ̀rẹ́ òun fẹ́ wá kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ mi, àti pé bàbá àgbà òun náà fẹ́ tẹ̀ lé wọn wá. Mo ní kí Alájì máa bọ̀. Ẹ̀yìn ni yóò jókòó sí, bó bá sì fẹ́ sọ̀rọ̀, kó nawọ́.