Aṣọ Ìrọ̀rí Elétí

Obìnrin kan wà nínú ẹbí wa tó jẹ́ pé bó bá sá aṣọ sórí okùn, ẹni tó ń kọjá lọ á dúró wò ó. Ìyàwó wa ni mò ń sọ. Irun orí rẹ̀ ti funfun, ọmọ tó bí ti di nọ́ọ̀sì, síbẹ̀ ìyàwó wa la ṣì ń pè é, nítorí pé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló fẹ́ ẹ wọlé. Nígbà tó wọlé ọ̀hún, èmi ò tíì lè fun ikun imú ara mi dáadáa, ṣùgbọ́n "ọkọ mi" ló ń pè mí láti ọjọ́ náà. Nígbà tó wá rí i pé ẹnu mi mú, ó fi orúkọ kan kún un: Ata Wẹ́wẹ́. Mi ò bá a jiyàn. Orúkọ náà bá mi mu.

Òun àti ẹ̀gbọ́n mi ló jọ dá ilé ìfọṣọ sílẹ̀. Ìyàwó wa ń fọ̀, ẹ̀gbọ́n mi ń lọ̀. Ibi tí aṣọ wọn ti ń wá jù ni ibùdó ìgbafẹ́ kan létí adágún, níbi tí wọ́n kọ́ ilé pákó kéékèèké sí tí àwọn èèyàn ń háyà láti fi sinmi, kí wọ́n máa wo omi, kí wọ́n máa gbọ́ ohùn ẹyẹ. Gbogbo bẹ́ẹ̀ṣíìtì àti aṣọ ìrọ̀rí tó wà níbẹ̀, ọwọ́ tọkọtaya yìí ló ń gbà kọjá.

Ẹ̀gbọ́n mi ní àrà kan tó máa ń dá. Bó bá lọ aṣọ ìrọ̀rí tán, tó ká a, á ṣẹ́ igun rẹ̀ kan wálẹ̀ bí etí, á fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ̀ ẹ́ títí á fi dúró. Ìyàwó wa á máa bá a jà.

"Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀! Aṣọ kún ilẹ̀ níwájú yín, etí lẹ̀ ń ṣe. Ta ló ń wo etí ìrọ̀rí?"

"Ẹni tó bá rẹ̀ á rí i," ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń dáhùn. Á sì tún fa òmíràn, á ṣẹ́ etí tiẹ̀ náà.

Ẹ̀gbọ́n mi kú. Àìsàn tó ṣe é kò fún wa láyè láti múra sílẹ̀. Gbogbo wa rò pé ìyàwó wa á ti ilé ìfọṣọ náà pa, ṣùgbọ́n kò tì í. Ó ń fọ̀ láàárọ̀, ó ń lọ̀ lọ́sàn-án, iṣẹ́ èèyàn méjì wá di ti ẹnì kan. Kò sí oníbàárà tó lè lanu sọ pé aṣọ òun pẹ́ tàbí pé kò mọ́. Mo ti rí àwọn alágbára tí ọ̀fọ̀ tó kéré sí èyí wó mọ́lẹ̀ pátápátá, nítorí náà nígbà tí mo bá sọ pé mo kan sáárá sí obìnrin yìí, kì í ṣe pé mò ń fi ẹnu dídùn kí ìyàwó ilé.

Ohun kan ló kù díẹ̀ káàtó. Kò sùn sórí ibùsùn mọ́. Orí àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì ìlọṣọ ló ń jókòó sí, á gbé orí ti ògiri, á tòògbé, á jí, á tún tòògbé. Bí a bá bi í léèrè, á ní bẹ́ẹ̀dì ti fẹ̀ jù. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú tó bẹ́ẹ̀ tí bàtà kò wọ̀ ọ́ mọ́. Dókítà wò ó, ó ní, "Màmá, ara kì í ṣe òkúta. Bí ẹ ò bá fẹ́ dùbúlẹ̀ sùn, ara yín á dá yín dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ kan, kò sì ní bi yín léèrè ibi tẹ́ ẹ bá wà."

Bí ọmọ rẹ̀ nọ́ọ̀sì ṣe sáré wá bá mi nìyẹn. Ó ti háyà ọ̀kan nínú àwọn ilé pákó etí adágún náà.

"Àǹtí, ẹ dákun, ẹ bá mi tẹ̀ lé màmá lọ. Bóyá bí wọn ò bá rí àga yẹn, wọ́n á sùn. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ nìyẹn, kí wọ́n fẹ̀yìn lé bẹ́ẹ̀dì kí wọ́n sùn. Mi ò fẹ́ kí bàbá mi lọ, kí màmá mi náà tún..."

Kò lè parí ọ̀rọ̀ náà, èmi náà ò sì jẹ́ kó parí rẹ̀. Mo lọ di ẹrù mi.

Ẹnu ọ̀nà iwájú, níbi tí òdòdó wà, ni takisí já wa sí. Mo bẹ̀rẹ̀ láti gbé báàgì wa, kí n tó gbójú sókè, n kò rí ìyàwó wa mọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbé e lọ sẹ́yìn ọgbà, síbi géètì kékeré tí wọ́n ti máa ń kó aṣọ ìdọ̀tí fún un. Láti ìgbà tó ti ń fọ aṣọ ibẹ̀, kò gba iwájú wọlé rí. Bàbá tó ń tọ́jú àwọn ilé náà, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Bàbá Kọ́kọ́rọ́ nítorí ìdì kọ́kọ́rọ́ tó ń ró wọnjanwọnjan ní ìbàdí rẹ̀, rí i, kò bèèrè ọ̀rọ̀. "Ẹ káàbọ̀ o, ẹ mà tètè dé lónìí," ló wí, ó sì gbé ẹrù aṣọ ìdọ̀tí lé e lórí. Alágbàfọ̀ náà kò bèèrè ọ̀rọ̀. Ó rù ú! Nígbà tí mo fi máa bá a, ó ti kọrí sí títì.

"Ìyàwó wa! Níbo lẹ̀ ń gbé ìyẹn lọ?"

Ó dúró, ó ronú. "Ọkọ mi, wọ́n gbé e fún mi ni."

"Bí wọ́n bá gbé adágún yẹn fún yín ńkọ́? Ẹ máa rù ú?"

Nígbà tí Bàbá Kọ́kọ́rọ́ gbọ́ ohun tó gbé wa wá, ó káwọ́ lérí. "Ha, ẹ foríjì mí! Ṣé àlejò ni yín lónìí?"

"Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni," ni ìyàwó wa dáhùn, bí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn.

Ilé náà dára, mi ò ní parọ́. Pákó ni láti òkè dé ilẹ̀, ó sì ń rùn bí igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Bẹ́ẹ̀dì méjì ló wà nínú yàrá, pẹ̀lú tábìlì kékeré, kẹ́tù, àti wíńdò tí wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sí. Níta, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan kọjú sí omi, àga kan sì wà níbẹ̀. Bí mo ṣe rí àga yẹn, inú mi ò dùn. Ìyàwó wa ò tilẹ̀ wo adágún. Ó ṣí bẹ́ẹ̀ṣíìtì, ó fi ìka méjì wò ó.

"Sítáàṣì pọ̀ jù nínú èyí. Ọjọ́ tí òjò ń halẹ̀ ni mo fọ̀ ọ́."

"Ta ló bi yín? Àlejò kì í yẹ aṣọ wò. Ẹ jókòó!"

Àṣìṣe mi nìyẹn. Ó jókòó, ó sì jókòó títí ilẹ̀ fi mọ́. Orí àga ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo bá a láàárọ̀, ó fi ìborùn bo èjìká. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ gbé omi gbígbóná wá, ó yọjú wo yàrá, ó ní, "Ẹ mà mọ bẹ́ẹ̀dì í tẹ́ o! Bí ẹni pé èèyàn kankan ò sùn síbẹ̀."

"Èèyàn kankan ò sùn síbẹ̀," ni mo fèsì. Ata ti ta sí mi lórí. Mo kọjú sí ìyàwó wa. "Ṣé wọ́n gbà yín ṣe ọlọ́dẹ níbí ni? Ọmọ yín ò lè jẹun nítorí yín, ẹ wá ń ṣọ́ omi! Ta ló fẹ́ jí omi gbé?"

Kò bínú. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Ọkọ mi, bí mo bá dùbúlẹ̀, ọwọ́ mi yìí á máa wá wọn. Èmi á sùn, òun ò ní sùn. Bí kò bá kàn wọ́n, á jí mi, ìgbà yẹn ni mo máa ṣẹ̀ṣẹ̀ tún mọ̀ pé wọ́n ti kú. Lórí àga, ó mọ̀ pé kò sẹ́nì kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi."

Mo rọra sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí omi, mo sunkún. Ẹ̀gbọ́n mi náà ló kú.

Nígbà tí oòrùn ti yọ dáadáa, a rìn yí ká díẹ̀. Ìyá kan àti àwọn ọmọ rẹ̀ ló wà nínú ilé tó kàn wá. Àwọn ọmọ náà ń jẹ búrẹ́dì oníṣúgà lórí bẹ́ẹ̀dì, a ń wò wọ́n láti ojú wíńdò, ìyàwó wa sì rọra sọ fún mi pé, "Èmi ni wọ́n ń wá iṣẹ́ fún yẹn." Ìyá wọn jáde, ó kí wa, ó ní, "Ẹ̀yin náà gbádùn bẹ́ẹ̀dì wọn? Aṣọ wọn mọ́ débi pé mo sùn bí ọmọ ọwọ́!" Bó bá jẹ́ èmi ni, ǹ bá ti gba ìyìn mi lójú ẹsẹ̀, ǹ bá tún béèrè ìyókù. Ìyàwó wa kàn rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ kú ìsinmi o." Ó dùn mọ́ ọn nínú, mo rí i, ṣùgbọ́n kò sọ fún un pé òun ló fọ̀ ọ́.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mò ń fi ọwọ́ ṣàlàyé nǹkan, mo da tíì sórí ìrọ̀rí mi. Mo ké sí Bàbá Kọ́kọ́rọ́ pé kó bá mi wá òmíràn. Gbogbo ilé ló kún lọ́sẹ̀ náà, aṣọ ìrọ̀rí tí wọ́n ń lò ti tán, ó ní láti lọ tú ìsàlẹ̀ àpótí kan tí wọ́n ń kó àfikún aṣọ sí, tí ẹnikẹ́ni kì í sábà ṣí. Ó mú ọ̀kan bọ̀, ojú ibi tí wọ́n ti ká a ti pọ́n díẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fẹ́ gbọ̀n ọ́n.

"Ẹ má tú u!"

Mi ò gbọ́ kí ìyàwó wa pariwo bẹ́ẹ̀ rí. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ dúró sójú kan. Obìnrin náà dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Igun rẹ̀ kan ṣẹ́ wálẹ̀ bí etí.

"Ṣé ó dọ̀tí ni, màmá?"

"Kò dọ̀tí, bàbá. Ọkọ mi ló lọ̀ ọ́."

Bàbá náà ṣí fìlà.

Ìyàwó wa jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó gbé aṣọ náà lé itan. Mo mọ ohun tó kàn, tàbí mo rò pé mo mọ̀ ọ́n. Á fi aṣọ wé e, á gbé e lọ sílé, á tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí, á sì padà sórí àga rẹ̀ títí ara á fi dá a dùbúlẹ̀ bí dókítà ṣe wí. Ẹnu ń yún mi. Mo pa á mọ́. Ó ń fi ìka kan pa etí náà lára.

"Mo máa ń bá wọn jà lórí etí yìí."

"Mo mọ̀."

"Wọ́n ní ẹni tó bá rẹ̀ á rí i."

Omi nìkan là ń gbọ́. Lẹ́yìn náà ló sọ, bí ọmọdé ṣe ń sọ ọ́, "Ata Wẹ́wẹ́, ó rẹ̀ mí."

Òun fúnra rẹ̀ ló ṣí etí náà. Ó tú aṣọ náà díẹ̀díẹ̀, ó ki ìrọ̀rí bọ̀ ọ́, ó tú gèlè, ó sì dùbúlẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún tó ń wá ọkọ kiri yẹn, ó tì í bọ abẹ́ ìrọ̀rí, ó sì dúró síbẹ̀. Kò pẹ́, ó ń hanrun.

Mo gbé àga ọ̀dẹ̀dẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, mo jókòó lé e. Èmi ni ọlọ́dẹ wàyí. Mo fi ojú lé àwọn ọmọ ilé kejì sẹ́yìn. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ tú ìdì kọ́kọ́rọ́ kúrò ní ìbàdí, ó fi fìlà rẹ̀ wé e kó má baà ró. Nígbà tí ọmọ ìyàwó wa, nọ́ọ̀sì, pè, tó ní, "Àǹtí, kí ni màmá ń ṣe?", mo kàn na fóònù sínú yàrá kó gbọ́ fúnra rẹ̀. Nígbà tí mo gbé e padà sétí, ó ń sunkún débi pé kò lè kí mi pé ó dàbọ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ìyàwó wa lajú.

"Ṣé ilẹ̀ ti ń ṣú ni?"

"Ó ti ṣú, ó sì ti mọ́."

Ó gbé orí sókè, ó wo ìrọ̀rí. Aṣọ náà ti rún wómúwómú, itọ́ ti kán sí i. "Ẹ wo iṣẹ́ wọn bí mo ṣe bà á jẹ́," ló wí, ló bá bú sẹ́rìn-ín, a jọ rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wa. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ní kó mú aṣọ ìrọ̀rí náà, pé àwọn fi ta á lọ́rẹ. Kò gbà.

"Ẹ jù ú mọ́ ìdọ̀tí tó kù. Á wá bá mi nílé."

Ó wá bá a lóòótọ́. Mo wà ní ilé ìfọṣọ lọ́jọ́ tí ẹrù ibẹ̀ dé. Àga ẹ̀gbẹ́ tábìlì yẹn, aṣọ tó ti gbẹ ló wà lórí rẹ̀. Ìyàwó wa yọ aṣọ ìrọ̀rí kan, ó lọ̀ ọ́, ó ká a, ó ṣẹ́ igun rẹ̀ kan wálẹ̀, ó sì fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́.

"Aṣọ kún ilẹ̀ níwájú yín," ni mo wí. "Ta ló ń wo etí ìrọ̀rí?"

Kò gbójú sókè. "Èmi rí i," ló ní, ó sì fa òmíràn.