Afẹ́fẹ́ Tí Mo Fẹ́ Sí Etí Ìyá Mi

Ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí gbogbo rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́ fún mi, n ò sì lá a lójú àlá. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, ṣùgbọ́n ẹ béèrè mi ní Challenge. Ọdún kẹtàdínlọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń lẹ táyà nítòsí gáréèjì níbẹ̀. Awakọ̀ á ní táyà òun ń jò, òun ò mọ ojú ibi tó ti ń jò. Èmi ò ní í wulẹ̀ bu omi. Etí ni n óò gbé lé e, n óò ní, "Ibí ni." Fọkanáísà mìíràn tó bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Ring Road, kó jáde wá.

Ìyá mi ni mo jogún etí náà lára wọn. Ìyá àbíyè ni wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà kan ní Baṣọ̀run. Bí aboyún bá dé, ìyá mi á ní kó dùbúlẹ̀ sórí ẹní, wọn á kúnlẹ̀, wọn á gbé etí ọ̀tún lé e níkùn. Etí ọ̀tún yẹn ni wòlíì fi òróró yà sí mímọ́ fún iṣẹ́ náà. Tòsì ò gbọdọ̀ kan ikùn aboyún, èèwọ̀ ni. Gbogbo ilé á pa lọ́lọ́. Bí wọ́n bá gbórí sókè, wọ́n lè ní ọmọ ń sáré, wọ́n lè ní ọmọ ń sùn, wọ́n sì lè ní, "Dìde, ó dọsibítù, kíá!" Mo rí nọ́ọ̀sì tó gbé oyún tirẹ̀ wá bá wọn.

Ní Sátidé kan, wọ́n yà sọ́dọ̀ mi níbi iṣẹ́. Wọ́n ní etí ọ̀tún àwọn ti di láti ọjọ́ mẹ́ta.

"Ó ń dún wúù, ọkọ mi. Ohùn ara mi ni mò ń gbọ́ nínú orí mi."

Gbogbo àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ yìí, nígbà tí a bá fẹ́ ṣíwọ́, họ́ọ̀sì afẹ́fẹ́ la fi ń lé eruku kúrò lára. A ó fẹ́ ẹ sí ṣòkòtò, a ó fẹ́ ẹ sí irun, a ó fẹ́ ẹ sí etí. Kò ṣe mí ní nǹkan kan rí.

"Màámi, ẹ jókòó. Èérí lásán ni. Ìṣẹ́jú kan ni n óò fi ṣí i fún yín."

Awakọ̀ kan tó ń dúró de táyà rẹ̀ ní, "Ọ̀gá, etí èèyàn kì í ṣe táyà tírélà o!"

Mo ní, "Ìwọ tí o ò mọ ibi tí táyà ẹ ti jò, etí lo wá mọ̀?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ìyá mi náà rẹ́rìn-ín. Ẹnu ẹ̀rín yẹn ni wọ́n wà tí mo fi gbé họ́ọ̀sì sí etí náà, tí mo tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Wọn ò pariwo. Wọ́n kàn yẹ̀ gẹ́rẹ́ lórí bẹ́ǹṣì bí ẹni tí wọ́n ti láti inú wá. Ẹ̀jẹ̀ kan kán sí èjìká bùláòsì funfun wọn, kò tó wóró ata.

"Ó tó, ọkọ mi. Ó ti ṣí."

Kò ṣí.

Kí ọ̀sẹ̀ tó yípo, etí náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi, omi náà sì di ọyún. Mo ní òtútù ni. Mo gbé òróró kaná, mo kán an sí i. Ṣọ́ọ̀ṣì da omi àdúrà sí i. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ohùn wọn. Èmi mọ̀ pé ẹni tí kò gbọ́ràn a máa pariwo. Ohùn ìyá mi ń wálẹ̀ ni, díẹ̀díẹ̀, títí tó fi jẹ́ pé mo ní láti gbé orí súnmọ́ wọn kí n tó gbọ́ ìdáhùn wọn sí "ẹ káàárọ̀" tí mo kí wọn. Wọ́n ní àgbà ló dé. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Wọn ò sì fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Oṣù kẹjọ lẹ́yìn tí mo fẹ́ afẹ́fẹ́ yẹn ni aránṣọ kan wá. Oyún àkọ́kọ́ rẹ̀ ni, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tó ti ń fojú sọ́nà. Mo wà níbẹ̀ láàárọ̀ náà, mo gbé ìrẹsì lọ fún ìyá mi. Ó ní, "Ìyá, láti àná ni kò ti ta mí nípàá." Ìyá mi kúnlẹ̀, wọ́n gbé etí ọ̀tún lé e. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀ ju bí wọ́n ti í pẹ́ lọ. Nígbà tí wọ́n gbórí sókè, ojú wọn ń dán.

"Ó ń sáré! Gìdìgìdì ló ń sáré. Máa lọ sílé, lọ sinmi."

Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí. Mo mọ etí yẹn. Mo mọ ohun tí mo fẹ́ sínú rẹ̀. Èmi tí ẹnu mi kì í sinmi láti àárọ̀ dalẹ́, ẹnu mi ò ya. Aránṣọ náà kí mi kó tó jáde.

Ọjọ́ kejì ló bí ọmọ náà. Kò ké.

Ìyá mi ò jẹun mọ́. "Mo gbọ́ ọ, ọkọ mi. Mo gbọ́ ọ kedere." Ìgbà yẹn ni mo tó gbé wọn lọ sí ọsibítù.

Dókítà etí tó yẹ̀ wọ́n wò kò dàgbà tó àkọ́bí mi. Ó mú irin kan tó ní ẹ̀ka méjì, ó gbá a mọ́ orúnkún ara rẹ̀, irin náà ń kùn. Ó fi ìdí rẹ̀ ti egungun ẹ̀yìn etí ọ̀tún. "Mo gbọ́," ni ìyá mi wí. Ó gbé e síwájú ihò etí. "N ò gbọ́." Ó wá gbé e lé àárín iwájú orí.

"Màmá, níbo ló ti ń dún jù?"

Ìyá mi nawọ́ sí etí ọ̀tún, èyí tó bàjẹ́ gan-an. Mo ní irin yẹn ò dáa. Dókítà ní irin dáa. Ó ní ọ̀nà ni ohùn ń gbà: a gba inú ihò wọlé, a lu awọ ìlù etí, egungun kékeré mẹ́ta a sì gbé e lé inú lọ́hùn-ún lọ́wọ́. Ti ìyá mi, inú lọ́hùn-ún yè kooro. Ọ̀nà ló bàjẹ́. Ohùn ìta ò ríbi wọlé, ìró inú ara wọn ló wá gba gbogbo ilé.

"Bí ẹ bá gbé etí yìí ti nǹkan, ẹ̀jẹ̀ tó ń sáré lára yín lẹ óò máa gbọ́."

Ìyá mi ní, "Ẹ̀jẹ̀ ta ni?"

"Tiyín ni, Màmá."

Dókítà kọ́ ni wọ́n wò. Èmi ni wọ́n wò.

"Kí ló wọ etí yìí?" ni dókítà béèrè.

"Igi ìnutí ni," ni ìyá mi wí. "Èmi ni mo fi gún un." Mo jókòó síbẹ̀, mo wo bàtà mi.

Wọ́n fún wa ní oògùn tí à ń kán sí i, wọ́n ní omi tàbí òróró ò gbọdọ̀ kán síbẹ̀ mọ́. Nígbà tó gbẹ, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ. Wọ́n gé awọ tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́yìn etí, wọ́n fi lẹ ihò tó wà lára awọ ìlù náà. Mo bi dókítà bóyá wọ́n ha etí ihò náà kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́, torí túùbù tí a ò bá ha, kò ní í mú. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn ha á. Ó mú. Ṣùgbọ́n ọyún ti jẹ ọ̀kan nínú egungun mẹ́ta náà. Ó ní ká ní a tètè wá ni, kì bá tí jẹ ẹ́. Ó ní ẹ̀rọ ìgbọ́ràn wà. Ìyá mi ní, "Kí ni mo fẹ́ fi gbọ́?"

Bóyá ọmọ yẹn ti lọ kí ìyá ẹ̀ tó dùbúlẹ̀ sórí ẹní, n ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìyá ẹ̀ ò lọ sí ọsibítù. Mo ṣì máa ń rí aránṣọ náà ní Baṣọ̀run, á kúnlẹ̀, á ní, "Ẹ bá mi kí Ìyá o." Mo ti ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn báyìí.

Ohun tó lọ nìyí. Awọ ìlù etí kan, wọ́n ti lẹ̀ ẹ́. Egungun kan. Oṣù mẹ́jọ tí mo fi dákẹ́. Iṣẹ́ tí ìyá mi fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣe. Ọmọ kan, obìnrin.